Kádì Àjọ Onílé Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Bí bíírò bá wà nítòsí, ẹ fà á mọ́ra, kí ẹ sì wá bébà kan, ẹ̀yìn rìsíìtì náà tó. Òǹkà la fẹ́ sọ lónìí, òǹkà kì í sì í pẹ́ bọ́ létí béèyàn ò bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ alájọ la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti dá àjọ rí mọ kádì rẹ̀: páálí pélébé tí wọ́n fa ìlà sí, tó ní ilé kéékèèké mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ilé kan fún ọjọ́ kan nínú oṣù. Bí o bá san tòní, alájọ á fàmì sí ilé òní. Ìyá mi máa ń ki tirẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí, bí ẹni pé páálí yẹn gan-an ni owó.

Ẹ jẹ́ ká wá fojú inú wo obìnrin kan tó dá irú àjọ tí ẹnì kan ò dá rí, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, náírà kan ló san. Lọ́jọ́ kejì, náírà méjì. Lọ́jọ́ kẹta, mẹ́rin. Lọ́jọ́ kẹrin, mẹ́jọ. Lójoojúmọ́, ìlọ́po méjì ti àná ló ń gbé wá. Títí di ọjọ́ kẹwàá, eré ni: 512 náírà péré. Ní ogúnjọ́, ó ti di 524,288, alájọ ti ń bojú wẹ̀yìn bó bá ń lọ. Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ohun tó gbé wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn jẹ́ 1,073,741,824. Alájọ Ṣómólú tí a ní orí rẹ̀ pé, tó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́, òun pàápàá ì bá sá fún oníbàárà yìí.

Tí a bá wá ṣí kádì náà, tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mélòó ni? Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà àròpọ̀. Ẹ wo ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́: ẹyọ kan, méjì, mẹ́rin, ó jẹ́ méje, ọjọ́ kẹrin yóò sì jẹ́ mẹ́jọ. Ẹ fi ọjọ́ kẹrin kún un, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ karùn-ún yóò jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: gbogbo ohun tó ti san dín ẹyọ kan sí ohun tí yóò san lọ́la. Yorùbá tó ń pe ogún dín kan ní mọ́kàndínlógún, irú òǹkà báyìí kò ṣàjèjì sí i. Tí oṣù bá ní ọjọ́ kejìlélọ́gbọ̀n, 2,147,483,648 ni ì bá san lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, àpapọ̀ kádì jẹ́ 2,147,483,647. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: bílíọ̀nù méjì, mílíọ̀nù 147, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 483, àti 647. Òun ni àlejò wa lónìí.

Oṣù parí, wọ́n fẹ́ pín owó náà. Èèyàn mélòó ló lè pín in dọ́gba, kí náírà kankan má ṣẹ́kù, kí wọ́n má sì ṣẹ́ náírà sí kọ́bọ̀? Ẹ pín in fún ẹni méjì, náírà kan ṣẹ́kù. Fún mẹ́ta, náírà kan. Fún márùn-ún, méjì. Fún méje, ẹyọ kan. Ẹ lè máa bá a lọ báyìí di ọjọ́ alẹ́. Àfi kí ẹnì kan ṣoṣo kó gbogbo rẹ̀, tàbí kí 2,147,483,647 èèyàn tò síwájú ilé alájọ, kí kálukú gba náírà kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀nà kẹta.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ irú òǹkà bẹ́ẹ̀ sí práìmù nọ́ńbà. Èmi á máa pè é ní òǹkà aláìṣeépín. Ìyá ọlọ́sàn lọ́jà mọ̀ ọ́n láìlọ sílé-ìwé: bí ọsàn méjìlá bá wà níwájú rẹ̀, ó lè kó wọn jọ ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin tàbí mẹ́fà-mẹ́fà. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́tàlá, ìkójọ kankan ò bá ara mu, ọ̀kan yóò máa dá wà ṣáá. Mẹ́tàlá ò ṣòroó mọ̀. Ti òǹkà tó ní fígọ̀ mẹ́wàá ni iṣẹ́.

Ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú gbogbo irú oṣù tó wà nínú kàlẹ́ńdà, oṣù ọlọ́jọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìkan ni àpapọ̀ rẹ̀ kò ṣe é pín. Bí obìnrin yẹn bá dá àjọ rẹ̀ ní oṣù Igbe, tó ní ọgbọ̀n ọjọ́, ẹni mẹ́ta á pín owó náà láìjà. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ẹ so àwọn ọjọ́ náà ní méjì-méjì. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹyọ kan àti méjì, mẹ́ta. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀lé e, mẹ́rin àti mẹ́jọ, méjìlá. Méjì tó tún tẹ̀lé e, méjìdínláàádọ́ta. Ìdì kọ̀ọ̀kan ṣe é pín fún mẹ́ta, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ṣe é pín fún mẹ́ta. Bí iye ọjọ́ bá ṣe é so ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹni méje ló máa pín in, torí ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ méje. Èyí já sí pé iye ọjọ́ gan-an gbọ́dọ̀ jẹ́ aláìṣeépín kí àpapọ̀ owó tó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ti jábọ́, méjìdínlọ́gbọ̀n ti jábọ́.

Oṣù Èrèlè ọlọ́jọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ńkọ́? Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kò ṣe é so ní ìdì-ìdì. Síbẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀, 536,870,911, fara jọ èyí tó le ni: 233 lọ́nà 1,103 lọ́nà 2,089 ni. Ọjọ́ mọ́kànlá náà tanni jẹ bẹ́ẹ̀: 2,047, tí í ṣe 23 lọ́nà 89. Nítorí náà, pé iye ọjọ́ kò ṣe é pín jẹ́ ìwé ìwọlé lásán. Ìdánwò ṣì wà nínú.

Ìdánwò yẹn ti da ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n láàmú. Pietro Cataldi, olùkọ́ ìṣirò ní Bologna ní Ítálì, fi pínpín fi hàn pé àjọ ọjọ́ mẹ́tàdínlógún àti ti mọ́kàndínlógún kò ṣe é pín. Òótọ́ lèyí. Ó wá fi ẹnu kan náà sọ pé ti 23, 29, 31 àti 37 náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú mẹ́rin yẹn, ẹyọ kan ló bọ́ sí i, òun náà ni ti 31. Ní 1644, Marin Mersenne, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan ní Paris, tẹ ìwé kan jáde tó to irú àwọn òǹkà yìí títí dé 257. Ó fi méjì tí kò yẹ sí i, ó sì gbàgbé mẹ́ta tó yẹ, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń pè wọ́n títí dòní. Ayé kì í fìgbà gbogbo fi orúkọ fún ẹni tó tọ́ sí. 31 wà nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ẹ̀rí ò tẹ̀lé e.

Leonhard Euler ló mú ẹ̀rí wá. Ọmọ Basel ní Switzerland ni, ṣùgbọ́n Saint Petersburg ní Rọ́ṣíà ló ń gbé. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti lọ láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ní 1771, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí tòsì, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òun náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, 1772, ni lẹ́tà rẹ̀ dé ọwọ́ Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò kan ní Berlin, pé òun ti yẹ 2,147,483,647 wò, kò sì sí òǹkà tó lè pín in. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, òun ló ń ṣírò irú ohun tí àwọn tó ríran ti ṣì fún ọdún gbọọrọ.

Báwo ló ṣe rí i ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ rántí pé pínpín máa ń rìn ní méjì-méjì: bí òǹkà ńlá kan bá pín in, òǹkà kékeré kan ló wà lẹ́yìn tó dúró fún un. Èyí tó kéré nínú àwọn méjèèjì kò lè kọjá 46,340, nítorí bí méjèèjì bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlọ́po wọn á ti kọjá òǹkà wa. Síbẹ̀, àwọn òǹkà aláìṣeépín tó wà lábẹ́ 46,340 lé ní 4,700. Ta ló fẹ́ fi bíírò ìyẹ́ pín òǹkà onífígọ̀ mẹ́wàá ní ìgbà 4,700?

Euler kò pín in bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lo òǹkà kékeré láti rí ọgbọ́n tó lò. Ẹ mú 23. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹyọ kan, ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ìgbàkígbà tó bá kọjá 23, kí ẹ yọ 23 kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ní bébà, ẹ bá mi kà á: 1, 2, 4, 8, 16, ìlọ́po 16 jẹ́ 32, ẹ yọ 23, ó ku 9, 18, 36 di 13, 26 di 3, 6, 12, 24 di 1. Ẹ rí i pé ó padà sílé? Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ló fi yí ká. Ìdí nìyẹn tí 23 fi pín àjọ ọjọ́ mọ́kànlá: lẹ́yìn ìlọ́po mọ́kànlá, ẹyọ kan ló ṣẹ́kù, a sì ti yọ ẹyọ kan yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ tún wò ó: ohun tó lè ṣẹ́kù bí a bá fi 23 pín nǹkan, láti 1 dé 22, méjìlélógún ni. Mọ́kànlá nínú wọn ti jó nínú agbo yìí. Mọ́kànlá yòókù á jó nínú agbo kejì, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 5. Agbo méjì gẹ́lẹ́, ẹnikẹ́ni ò ṣẹ́kù síta.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òǹkà aláìṣeépín yòówù tó bá fẹ́ pín kádì ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Agbo ijó rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìṣísẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n gẹ́lẹ́, torí 31 kò ṣe é gé sí agbo kéékèèké. Nítorí náà, bí a bá yọ ẹyọ kan kúrò nínú òǹkà apínni yẹn, ìyókù gbọ́dọ̀ ṣe é pín fún 31. Òfin kejì tí Euler mọ̀ tún sọ pé bí a bá fi mẹ́jọ pín òǹkà apínni náà, ẹyọ kan tàbí méje ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Bí òfin méjèèjì bá pàdé, ohun tó yè kò pọ̀: àwọn òǹkà tí ó máa ń ṣẹ́ 1 tàbí 63 kù bí a bá fi 248 pín wọn. Láti 63 dé 46,340, 373 péré ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì tún ṣe é pín fúnra wọn, tí kò yẹ ká yẹ̀ wò rárá. Aláìṣeépín àkọ́kọ́ tó kàn nínú wọn ni 311. Ẹ fi pín òǹkà wa nílé, 35 ló máa ṣẹ́kù. Bó ṣe ń lọ nìyẹn, ọ̀kan ń ṣẹ́kù, òmíràn ń ṣẹ́kù, títí wọ́n fi tán.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kékeré kan kún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ sọ owó ọjọ́ ìkẹyìn di ìlọ́po pẹ̀lú àpapọ̀ kádì tí kò ṣe é pín. Fún ọjọ́ méjì, 2 lọ́nà 3, mẹ́fà. Fún ọjọ́ mẹ́ta, 4 lọ́nà 7, méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ wá wo àwọn tó lè pín 28 yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀: 1, 2, 4, 7, 14. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 28 náà ni. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ka irú òǹkà bẹ́ẹ̀ sí òǹkà pípé. Ti kádì ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n jẹ́ 2,305,843,008,139,952,128. Ní 1811, Peter Barlow, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé èyí ni òǹkà pípé tó tóbi jù lọ tí ẹnikẹ́ni máa rí láéláé, torí pé ohun ìyanu lásán ni wọ́n, wọn ò wúlò fún nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tí yóò fi àkókò rẹ̀ ṣòfò láti wá èyí tó jù ú lọ. Barlow ò mọ irú ẹ̀dá tí èèyàn jẹ́. Ní 1876, Édouard Lucas ní Faransé fi hàn pé àpapọ̀ àjọ ọjọ́ 127, onífígọ̀ mọ́kàndínlógójì, kò ṣe é pín. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2024, Luke Durant ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà rí ti àjọ ọjọ́ 136,279,841. Fígọ̀ tó wà nínú ìyẹn jẹ́ 41,024,320.

Ọ̀rọ̀ “kò wúlò” ńkọ́? Ẹ mú kádì àjọ yẹn padà wá. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló jẹ́ pé súìṣì méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ń fi tọ́jú òǹkà kan nínú wọn, títàn tàbí kíkú. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú wọn jẹ́ ilé kádì wa gẹ́lẹ́: ilé kìíní dúró fún ẹyọ kan, ilé kejì fún méjì, ilé kẹta fún mẹ́rin. Bí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ kọ mẹ́tàlá, á tan ilé kìíní, ìkẹta àti ìkẹrin: 1, 4, 8. Súìṣì kejìlélọ́gbọ̀n ni ilé gbèsè. Bó bá tàn, a jẹ́ pé 2,147,483,648 ni gbèsè tó wà nílẹ̀. Nígbà tí gbogbo ilé bá tàn láìsí gbèsè, kọ̀ǹpútà ti dé òpin ohun tó lè kà. Òpin yẹn ni òǹkà Euler. Ẹ fi ẹyọ kan kún un: gbogbo ilé á kú lẹ́ẹ̀kan náà, ilé gbèsè nìkan á tàn, olówó á sì di onígbèsè pátápátá.

Ẹ̀rọ tó ń ka àwọn tó wo fídíò “Gangnam Style” ti PSY, olórin Kòríà, lórí YouTube rí èyí. Lóṣù Ọ̀pẹ 2014, òǹkà náà dé òpin yìí, YouTube sì sọ pé àwọn ti mú un gbòòrò dé 9,223,372,036,854,775,807. Ìyẹn jẹ́ àpapọ̀ àjọ ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: 63 ṣe é so ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹni méje á pín in.

Òǹkà àkókò pẹ̀lú ń bọ̀ wá kan òpin yìí. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń ka àkókò ní ìṣẹ́jú àáyá láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1970. Èyí tó bá ń lo súìṣì méjìlélọ́gbọ̀n, tí wọn ò bá tíì tún un ṣe, á kún ní ọjọ́ 19 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2038, ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti ìṣẹ́jú àáyá méje, ní aago Nàìjíríà. Ìṣẹ́jú àáyá tó tẹ̀lé e, ẹ̀rọ náà á gbà pé alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀pẹ 1901 ló wà. Àwọn ẹ̀rọ tuntun ti kúrò nínú ewu náà; àwọn àgbà ẹ̀rọ tí wọ́n fi síbi kan tí wọ́n gbàgbé ló yẹ ká máa bẹ̀rù.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà kò yan òǹkà yìí torí pé kò ṣe é pín. Ó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n yàn án torí ìyẹn gan-an: àwọn tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá wọn ju dáìsì. Kọ̀ǹpútà kò ní ọwọ́ tí yóò fi mi dáìsì, ìṣirò ló máa fi ṣe é. Ní 1949, Derrick Henry Lehmer ará Amẹ́ríkà dábàá ọ̀nà kan: mú òǹkà kan, sọ ọ́ di ìlọ́po iye kan, kí o fi òǹkà ńlá kan pín in, kí o mú ohun tó ṣẹ́kù, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi 7 àti 3 dán an wò: 1, 3, 2, 6, 4, 5, kó tó padà sí 1. Gbogbo wọn ló jó. Ẹ wá fi 8 rọ́pò 7: 1, 3, lẹ́yìn náà 1. Agbo tú ká kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1969, Lewis, Goodman àti Miller fi òǹkà wa pín, wọ́n sì fi 16,807, tí í ṣe 7 tí a fi ara rẹ̀ sọ dìlọ́po títí ó fi pé márùn-ún, ṣe ìlọ́po. Agbo ijó yẹn máa ń gba 2,147,483,646 ìṣísẹ̀ kó tó padà sílé, kò sì fò ẹnì kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ òun ń ṣe é bó ṣe yẹ, kó bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ní ìṣísẹ̀ ẹgbàárùn-ún, ìyẹn 10,000, ó gbọ́dọ̀ bá 1,043,618,065 pàdé.

Ó ku ibì kan tí mo fẹ́ mú yín dé kí àkókò wa tó tán. Àjọ ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ 7, kò ṣe é pín. Àjọ ọjọ́ 7 jẹ́ 127, kò ṣe é pín. Àjọ ọjọ́ 127 ni ti Lucas, òun náà kò ṣe é pín. Ní ìdílé kejì, àjọ ọjọ́ márùn-ún jẹ́ 31, ti ọjọ́ 31 sì ni àlejò wa. Ọmọ ń bí ọmọ. Bí obìnrin wa bá wá ń dá àjọ yìí fún ọjọ́ 2,147,483,647 ńkọ́, ohun tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ààbọ̀ ọdún? Àpapọ̀ rẹ̀ á ní fígọ̀ 646,456,993, kò sí ìwé tó lè gbà á. Síbẹ̀, ní 1983, wọ́n rí òǹkà tó pín in: 295,257,526,626,031. Ẹ yọ ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀, bí Euler ti wí, kí ẹ fi 2,147,483,647 pín ìyókù. Agbo 137,490 ni, kò sí ẹni tó ṣẹ́kù síta. Ẹ wá fi mẹ́jọ pín òun fúnra rẹ̀. Méje ló ṣẹ́kù.